Omi Mọ́ Gaara, Ẹja Ń Kú: Kí Ni Iṣẹ́ Asẹ́ Gan-an?

Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja òkun nínú ilé ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó yóò ra àpótí gíláàsì, yóò po iyọ̀ òkun mọ́ omi, yóò sì ra asẹ́ tí ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá kó ẹja sínú rẹ̀, ohun gbogbo a máa dùn ún wò: omi a mọ́ gaara, àwọ̀ ẹja a máa tàn. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù kan, nígbà púpọ̀, ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá sí ojú omi, wọn a máa mí hẹlẹhẹlẹ, oúnjẹ kò ní wù wọ́n jẹ mọ́, wọn a sì máa kú níkọ̀ọ̀kan. Omi náà ṣì mọ́. Asẹ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá mọ́, tí asẹ́ sì ń sẹ́ ẹ tọ̀sán-tòru, kí ló wá ń pa ẹja? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni gbogbo orí yìí dá lé, ohun tí mo sì fẹ́ fi hàn ni pé asẹ́ àpótí ẹja jẹ́ ilé tí a kọ́ fún àwọn ohun abẹ̀mí kan tí ojú lásán kò rí. Bí àwọn wọ̀nyí bá ń mí, ẹja á yè. Bí èémí bá há fún wọn, ẹja á kú. Nítorí náà, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, asẹ́ tó yẹ kí a yàn ni èyí tí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣì lè mí nínú rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo asẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí a fi ń sẹ́ ògì. Àgbàdo ti wà nínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ti lọ̀ ọ́, a wá dà á sórí asẹ́, à ń bu omi sí i, à ń fi ọwọ́ rò ó. Eèrí dúró sókè, ògì kọjá sínú ìkòkò. Asẹ́ ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe: ó ti ya ohun tó tóbi ju ihò rẹ̀ lọ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kíkan tí ògì kan, asẹ́ kọ́ ló fún un. Ohun abẹ̀mí tíntìntín ló mú un kan, láti ìgbà tí àgbàdo ti wà nínú omi, iṣẹ́ wọn sì ń bá a lọ nínú omidùn lẹ́yìn tí a bá sẹ́ ẹ tán. Bí ó ti wù kí ihò asẹ́ kéré tó, kò lè gba kíkan yẹn kúrò, nítorí ohun tó bá ti yòrò nínú omi, omi ló ń bá kọjá. Iṣẹ́ méjì yìí, yíya nǹkan sọ́tọ̀ àti yíyí nǹkan padà, náà ló wà nínú asẹ́ àpótí ẹja. Èyí tí ojú ń rí, ìyẹn dídá ìgbẹ́ ẹja àti èérún oúnjẹ dúró, ló ń mú omi mọ́ lójú. Èyí tí ojú kò rí ló ń dá ẹ̀mí ẹja sí.

Kí ni ohun tó yòrò náà? Oúnjẹ ẹja kún fún purotéènì, èròjà amáradàgbà. Bí ẹja bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ a lo èyí tó nílò, púpọ̀ nínú ìyókù a sì di amóníà, kẹ́míkà tí òórùn rẹ̀ máa ń ta síni nímú níbi tí ìtọ̀ bá pẹ́ sí. Àwa ènìyàn kò lè fi amóníà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ̀dọ̀ wa ń sọ ọ́ di ohun tí oró rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, kí a tó tọ̀ ọ́ jáde. Ẹja kò ṣe wàhálà yẹn. Omi yí i ká, nítorí náà ó kàn ń jẹ́ kí amóníà máa gba ẹ̀yà tó fi ń mí jáde, ẹ̀yà pupa tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ibi tí ẹja ti ń gba èémí náà ló ti ń da oró nù, láìdúró, yálà ó yàgbẹ́ tàbí kò yà. Amóníà kò ní àwọ̀. Omi tó kún fún un lè mọ́ bí omi òjò.

Amóníà máa ń wà ní ìrísí méjì nínú omi. Ọ̀kan jẹ́ onírẹ̀lẹ̀, kò rọrùn fún un láti wọ ara ẹja; èkejì burú, ó ń wọlé láìsí ìdíwọ́. Ohun tó ń pinnu bí èkejì yóò ti pọ̀ tó ni ooru omi àti ìwọ̀n pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan sí tàbí bí ó ṣe jìnnà sí kíkan tó. Nínú omi odò tí pH rẹ̀ jẹ́ 7, kò tó 1 nínú 100 amóníà tó wà ní ìrísí búburú yẹn. pH omi òkun máa ń ga ju 8 lọ, bí omi náà bá sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìrísí búburú náà lè tó nǹkan bí ìlọ́po 10 ti inú omi odò. Ìwọ̀nba amóníà tí ẹja odò lè fara dà láìmira lè pa ẹja òkun.

Ẹni tó ti sin àrọ̀ rí lè sọ pé òun kò ra asẹ́ kankan, síbẹ̀ ẹja òun tóbi, ó sì sanra. Òótọ́ ni. Ọ̀sìn àrọ̀ gbilẹ̀ káàkiri Àkúrẹ́, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, FUTA, sì ní odidi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan fún ẹja àti ọ̀sìn ẹja. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló ń gba àrọ̀ là. Ó ní ẹ̀yà kan lókè ẹ̀yà ìmí rẹ̀, tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ẹ̀ka igi, tó fi ń mí afẹ́fẹ́ tààrà. Bí èémí bá tán nínú omi, á gòkè wá gbé e lójú omi. Èkejì ni pé ọlọ́sìn rẹ̀ ń da omi nù, ó sì ń fa òmíràn láti inú kànga. Pípààrọ̀ omi ni asẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja òkun kò ní ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sìn ín kò sì ní kànga omi òkun lẹ́yìnkùlé. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó giráàmù 35 nínú, àpótí onílítà 200 yóò sì gba kílò 7 iyọ̀ òkun tí a pò nílé iṣẹ́. Iyọ̀ ọbẹ̀ tí à ń rà lọ́jà Ìsìkàn kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí magnẹ́síọ̀mù, kálísíọ̀mù àti àwọn èròjà yòókù tí òkun ní kò tó nínú rẹ̀. Òkun tó sún mọ́ wa jù wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní apá Ayétòrò, etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ sì ni. Omi ibẹ̀ máa ń rú. Kò sí ẹni tí agbára rẹ̀ gbé e láti máa da omi tí a fi iyọ̀ òkun pò nù lójoojúmọ́. Ó di dandan kí nǹkan mìíràn bá a jẹ oró náà.

Ẹ̀rí pé ohun abẹ̀mí ló ń jẹ ẹ́ ti pẹ́. Lọ́dún 1877, àwọn onímọ̀ ará Faransé méjì, Théophile Schloesing àti Achille Müntz, kó iyanrìn àti òkúta ẹfun sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan, wọ́n sì jẹ́ kí omi ìdọ̀tí ìlú máa ro gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Fún nǹkan bí 20 ọjọ́, amóníà tó ń wọlé lókè náà ló ń jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan yí padà: amóníà pòórá, náítíréètì, ọ̀kan lára èròjà tó wà nínú ajílẹ̀ àgbẹ̀, ló wá ń jáde. Bó bá jẹ́ iyanrìn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ì bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Wọ́n wá fi òórù kùlòrófọ́ọ̀mù, oògùn tí àwọn dókítà ìgbà náà fi ń kun aláìsàn lóorun, sínú ọ̀pá náà. Iṣẹ́ dúró. Iyanrìn wà níbẹ̀, òkúta wà níbẹ̀, omi ń ro, ṣùgbọ́n amóníà tún ń jáde bó ṣe wọlé. Wọ́n dáwọ́ oògùn náà dúró, iṣẹ́ kò padà. Ìgbà tí wọ́n bu omi tí wọ́n fi ṣan erùpẹ̀ ilẹ̀ sí i ni iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí a lè fi oògùn pa, tí a sì tún lè gbìn, ohun abẹ̀mí ni. Mi ò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó ṣàlàyé asẹ́ ẹja tó èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ṣe é kò ronú kan ẹja rárá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, Sergei Winogradsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ya àwọn bakitéríà tó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ́tọ̀, ó sì fi hàn pé ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ kìíní ń sọ amóníà di náítíráìtì. Ẹgbẹ́ kejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ni n ó máa pè ní ajẹ-oró láti ibí lọ. Náítíráìtì tó wà láàárín náà jẹ́ oró: ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ẹja, ó ń sọ ọ́ di rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé èémí kiri mọ́. Níbí ni iyọ̀ ti ń ṣe ẹja òkun lóore. Kúlóráìdì tó wà nínú iyọ̀ ń bá náítíráìtì du ojú ọ̀nà kan náà tó fi ń wọ ara ẹja, ó sì pọ̀ jù ú lọ nínú omi òkun tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ni náítíráìtì ń rí wọlé. Náítíréètì tó gbẹ̀yìn kò ní agbára oró bẹ́ẹ̀. Ẹja lè bá a gbé títí tí yóò fi pọ̀ gan-an. Iyùn abẹ̀mí, tó jẹ́ ẹranko gan-an bó ti wù kó rí bí òkúta, kò ní ìfaradà tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè pé ta ló fi asẹ́ sínú òkun. Òkun fẹ̀, ẹja tó wà nínú lítà omi kan níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyẹn jẹ́ apá kan ìdáhùn. Apá kejì ni pé ajẹ-oró kún inú òkun fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti rí irú ajẹ-oró mìíràn tí kì í ṣe bakitéríà, tó wá láti ìran àtijọ́ kan tó yàtọ̀ sí ti bakitéríà. Wọ́n sọ ọ́ ní Nitrosopumilus maritimus. Ibi tí wọ́n ti mú un ni inú àpótí ẹja òkun ní Seattle Aquarium, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà lára ohun abẹ̀mí tó pọ̀ jùlọ nínú òkun ayé. Ẹni tó ń gbin ajẹ-oró sínú asẹ́ rẹ̀ nílé ń ṣe ohun tí òkun ti ń ṣe tipẹ́, àyè tirẹ̀ ló kéré.

Ìsinsìnyí la lè dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àpótí tuntun, asẹ́ tuntun: kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ajẹ-oró kì í yára bí àwọn bakitéríà tó ń mú ọbẹ̀ kan mọ́jú. Ó lè gbà wọ́n tó odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí a bá bu omi sínú àpótí, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kí wọ́n tó pọ̀ tó iṣẹ́. Ẹja tí a kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ń gbé inú oró tirẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, asẹ́ sì ń dá ìgbẹ́ dúró kí omi lè dùn ún wò. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a kọ́kọ́ fún ilé náà ní oúnjẹ láìsí ẹja: kí a ju ẹyọ edé kan tàbí èérún oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi kó máa jẹrà, kí a máa fi ohun èlò àyẹ̀wò wọn amóníà àti náítíráìtì. Àwọn méjèèjì á gòkè, wọ́n á sì wálẹ̀ dé òdo. Ìgbà náà ni kí a kó ẹja wọlé, ọ̀kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan. Kànrìnkàn tàbí òkúta tí a bá yọ láti inú àpótí òkun ẹlòmíràn tó ti pẹ́, tí ara ẹja ibẹ̀ sì dá, máa ń dín àkókò yìí kù gan-an, gẹ́gẹ́ bí omi erùpẹ̀ ṣe jí ọ̀pá àwọn ará Faransé wọ̀nyẹn. Bakitéríà inú ìgò tí wọ́n ń tà lè ṣèrànwọ́ náà, bí wọ́n bá ṣì wà láàyè nínú ìgò, èyí tí ooru ọ̀nà jíjìn àti ti ilé ìtajà lè má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ajẹ-oró kì í lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ara nǹkan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń di àwọ̀ tín-ínrín tó ń yọ̀ bí ara òkúta inú odò. Ohun tí asẹ́ nílò, nítorí náà, ni ojú tó fẹ̀ fún wọn láti lẹ̀ mọ́, omi tó ń kọjá lára wọn, àti ọ́síjìn, èémí inú afẹ́fẹ́. Ti ọ́síjìn yìí ni àwọn tó ń ta asẹ́ kì í sọ̀rọ̀ lé tó, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jùlọ. Láti sọ giráàmù 1 náítírójìn inú amóníà di náítíréètì, ajẹ-oró ń lo ọ́síjìn tó ju giráàmù 4 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni lítà omi òkun kan, ní ooru 28, kò lè gba ju nǹkan bí mílígíráàmù 6.4 ọ́síjìn lọ. Omi odò tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè gba nǹkan bí 7.8. Iyọ̀ ń lé ọ́síjìn kúrò nínú omi, ooru náà ń lé e. Ilẹ̀ wa ní ooru, òkun ní iyọ̀. Ṣùgbọ́n lítà afẹ́fẹ́ kan ní ọ́síjìn tó ju mílígíráàmù 250 lọ nínú. Èyí ló yẹ kó darí ẹni tó ń yan asẹ́ ní Àkúrẹ́.

Ẹ wo asẹ́ onígolo, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé òkè òkun ń yìn. Agolo ike tí a dé pinpin ni, pọ́ǹpù ń ti omi gba inú rẹ̀, kànrìnkàn àti òkúta amọ̀ wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Níbi tí iná kì í ti í lọ, asẹ́ dáadáa ni. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù á dúró, omi inú agolo náà á sì dúró pẹ̀lú àìmọye ohun abẹ̀mí tó ń mí nínú rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọ́síjìn ibẹ̀ á tán. Ìgbẹ́ àti èérún oúnjẹ tó há síbẹ̀ kò dáwọ́ jíjẹrà dúró. Àwọn bakitéríà mìíràn tí kò nílò ọ́síjìn á gba ilé, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì olóòórùn ẹyin rírà jáde. Nígbà tí iná bá wá dé láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí pọ́ǹpù á ṣe ni kó da omi olóró yẹn lé ẹja lórí. Ìdí nìyí tí àwọn ẹja kan fi ń kú lẹ́yìn tí iná dé, tí ẹni tó ni wọ́n á sì máa bú iná tó ga jù tàbí tó kéré jù.

Èyí tí mo fara mọ́ jùlọ ni asẹ́ akántótó. A gbé e sókè omi, lórí àpótí tàbí sínú àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ike onihò ni, tí a kó ohun tó ní ojú púpọ̀ sínú rẹ̀, bí ike tí a gé wẹ́wẹ́ tàbí ìdérí ìgò omi tí a fọ̀ mọ́. Pọ́ǹpù ń gbé omi sókè, omi náà ń kán tótó gba ara àwọn nǹkan wọ̀nyí padà sínú àpótí. Omi kò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ó kàn ń ṣàn lára wọn bí òjò lára ewé, nítorí náà inú afẹ́fẹ́ ni ajẹ-oró ń gbé, tí ọ́síjìn ti pọ̀ jù ti inú omi lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po 30. Bí iná bá lọ, omi ò ní kán mọ́, ṣùgbọ́n ara wọn ṣì tutù, afẹ́fẹ́ ṣì yí wọn ká. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìkú, bí ilé wọn kò bá ti gbẹ. Irú asẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó tún ní àǹfààní kan nínú ooru oṣù kejì àti ìkẹta: bí omi ṣe ń kán, díẹ̀ ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn sì ń mú omi tutù díẹ̀.

Àwọn kan lòdì sí asẹ́ yìí lórí ohun kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa débi pé náítíréètì ń pọ̀ sí i nínú omi, nítorí ibi tí ọ́síjìn ti pọ̀ kò sí ẹni tó ń jẹ náítíréètì. Fún ẹni tó fẹ́ sin iyùn abẹ̀mí, àléébù ńlá ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò òkúta abẹ̀mí: òkúta onihò yẹbẹyẹbẹ tí ajẹ-oró bo ara rẹ̀, tí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́síjìn kò dé ibẹ̀. Nínú ihò jíjìn yẹn ni bakitéríà mìíràn ti ń gba ọ́síjìn láti ara náítíréètì, tí náítírójìn tó kù á sì fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́. Òkúta yìí náà fara da àìsíná, nítorí inú àpótí gan-an ló wà, kò sí ohun tó dé e mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tó láti mú òun àti ẹja yè mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ ẹja nìkan ló fẹ́, asẹ́ akántótó àti pípààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ tó o. Àwọn mìíràn á ní kí a kúkú ra bátìrì ńlá àti ẹ̀rọ amúnádúró kí asẹ́ onígolo má baà dúró láé. Ó ṣeé ṣe fún ẹni tó lówó rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kì í lo agbára tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí pọ́ǹpù ńlá ń lò, bátìrì tó sì gbé pọ́ǹpù fún wákàtí mẹ́ta lè gbé e fún ọjọ́ kan. Mo rí i pé ó bọ́gbọ́n mu láti yan asẹ́ tó lè farada ìlú tí a wà, kí a tó wá máa ra iná fún èyí tí kò lè fara dà á.

Ẹ̀rọ kan tún wà tó jẹ́ ti omi òkun nìkan, èyí tó ń kó ìfófòó. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ bí eruku gba inú òpó omi. Purotéènì àti ọ̀rá tó yòrò nínú omi ní apá kan tó fẹ́ràn omi àti apá kan tó ń sá fún un; ojú ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé ló bá wọn lára mu jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ náà gbé wọn gòkè, ó di ìfófòó aláwọ̀ ilẹ̀, ó dà sínú ife lókè, a sì dà á nù. Bí ìgbì ṣe ń kó ìfófòó sí etí òkun Ìlàjẹ náà nìyí. Nínú omi odò, afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ máa ń so pọ̀ di ńlá kíákíá, wọn kì í pẹ́ nínú omi, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà kò fi wúlò níbẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń gbé ìdọ̀tí kúrò kó tó jẹrà di amóníà, ó sì ń fẹ́ ọ́síjìn sínú omi. Kì í gba amóníà fúnra rẹ̀. Èédú tí wọ́n ṣe fún asẹ́ kò gbà á náà. Àwọ̀ àti òórùn ló ń mú. Èédú ìdáná kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtọ́jú asẹ́ kò le, kìkì pé ó lòdì sí ohun tí ọwọ́ wa ti mọ́. A fẹ́ràn kí nǹkan mọ́ toní-toní. Ọlọ́sìn tó yọ kànrìnkàn asẹ́ rẹ̀, tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ, tó sá a sóòrùn, ti ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí kùlòrófọ́ọ̀mù ṣe ní 1877: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ẹja sì ti wà nínú omi lọ́tẹ̀ yìí. Kùlórínì tí wọ́n ń fi sínú omi ìjọba láti pa kòkòrò àrùn kò mọ ajẹ-oró yàtọ̀. Inú omi àpótí náà gan-an, èyí tí a bù jáde lọ́jọ́ ìpààrọ̀ omi, ni kí a ti fún kànrìnkàn náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta títí omi á fi gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Àwọ̀ ilẹ̀ tó bá kù lára rẹ̀, kó kù síbẹ̀. Bí kànrìnkàn bá jẹ́ méjì, kí a fọ ọ̀kan lónìí, kí èkejì di ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó kàn ń dá ìgbẹ́ dúró, bí òwú funfun tí omi ń kọ́kọ́ gbà kọjá, ti yàtọ̀: ìgbẹ́ tó wà lára òwú ṣì wà nínú omi, ó ń jẹrà lọ ni, nítorí náà kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá ní asẹ́ onígolo tẹ́lẹ̀, tí iná sì lọ fún wákàtí púpọ̀, kó tú u, kó da omi inú rẹ̀ nù, kó fi omi àpótí ṣan ohun inú rẹ̀ kó tó tan pọ́ǹpù. Láìsí iná, kó má fún ẹja lóúnjẹ. Ẹja tó dá ṣáṣá lè gbé ọjọ́ kan tàbí méjì láìjẹun, àìjẹun á sì dín amóníà tó ń tú jáde àti ọ́síjìn tó ń lò kù. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè ju ojú omi lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi lè gba ọ̀pá rẹ̀ padà wá sórí tábìlì nígbà tó bá dúró. Bí àpótí kékeré bá wà nísàlẹ̀, kí a fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún omi tí yóò ṣàn wálẹ̀ láti òkè bí pọ́ǹpù bá kú.

Omi ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Nígbà ọyẹ́, asẹ́ akántótó lè mú kí omi fà ní kíákíá, omi tó kù á sì máa níyọ̀ sí i. Omi lásán tí kò ní iyọ̀ la fi ń dí i, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, dé ibi àmì tí a fà sára gíláàsì. Omi oníyọ̀ tuntun jẹ́ ti ọjọ́ ìpààrọ̀, nígbà tí a bá bu ìdá kan nínú mẹ́wàá jáde lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a sì dá iye rẹ̀ padà. Ìpààrọ̀ yìí ń gbé náítíréètì lọ, ó sì tún ń ṣe ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí. Bí ajẹ-oró ṣe ń jẹ amóníà ni wọ́n ń tú ohun kíkan sínú omi, èròjà inú omi tó ń gbógun ti kíkan náà sì ń tán díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ òkun tuntun ló ń dá a padà. Omi kànga Àkúrẹ́, tó ń ti inú àpáta líle tí òkúta ẹfun kò pọ̀ nínú rẹ̀ wá, kò ní púpọ̀ rẹ̀ láti fúnni. Bí pH àpótí tó ti lé lọ́dún bá ń wálẹ̀ láti 8.2 sí 7.8, tí amóníà sì tún ń yọjú bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja kò pọ̀ sí i, kí a wo ìgbà tí a pààrọ̀ omi kẹ́yìn kí a tó fọwọ́ kan asẹ́.